Iléèwé Wọlé, Owó Dà?

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kú ìnáwó o! Iléèwé tún ti wọlé. Yunifọ́ọ̀mù rèé, ìwé rèé, bàtà rèé. Níbòmíì, wọ́n á tún ní kí ọmọ gbé àga wá láti ilé. Ọ̀fẹ́ wo wá nìyẹn?

January 1955 ni Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Òfin UBE ọdún 2004 fà á dé JSS 3, ó sì ní ẹni tó bá gbowó ẹ̀kọ́ lè san N10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3.

Owó kíláàsì àti àga wà l'Ábújá. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ní kí ìpínlẹ̀ mú ìdajì tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá èésú, ó yé yín: ẹni tí ò dá, kì í kó. Ìpínlẹ̀ tó bá ń fi falẹ̀, owó á jókòó l'Ábújá, ọmọ yín á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn!

Ẹ fi hẹdimásítà sílẹ̀, òun náà ń wá ṣọ́ọ̀kì kiri ni. Onọ́rébù yín ni kẹ́ ẹ bi: ṣé ìpínlẹ̀ wa ti san tiẹ̀? Ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.