Ojú Irin láti Ibi Ìdúró Awakọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Ìsẹ́yìn fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní àwọn a máa wo àwòrán tí ń rìn lórí fóònù wọn, èyí tí a yà láti iwájú ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Skọ́tílándì, tí ènìyàn yóò máa rí òkè, odò àti afárá bí ẹni pé òun gan-an ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Wọ́n wá béèrè pé, ǹjẹ́ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ tiwa, àti pé kí ni awakọ̀ ń rí tí èrò inú ọkọ̀ kò lè rí? Ìbéèrè náà wọ̀ wá lọ́kàn, nítorí ọmọ Òkè-Ògùn tí ó bá ń sọ̀rọ̀ rélùwéè, ọ̀rọ̀ ohun tí kò dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ ni ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fẹnu ba ti òkèèrè. Ọ̀nà irin kan wà ní apá àríwá Skọ́tílándì, láti Glasgow dé Fort William, èyí tí a ṣí ní ọdún 1894. Ní pápá Rannoch, àbàtà ni gbogbo ilẹ̀, kò sí ibi líle tí a lè gbé irin lé. Àwọn òṣìṣẹ́ wá di igi wẹ́wẹ́ àti koríko ní ìdì-ìdì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀, wọ́n da erùpẹ̀ àti eérú lé e, irin sì ń gbé orí rẹ̀ títí di òní olónìí, bí ẹni tẹ́ ẹní sórí omi. Nígbà tí wọ́n tún fa ọ̀nà náà dé Mallaig létí òkun, wọ́n mọ afárá Glenfinnan, tí ó ní ojú 21, tí ó sì tẹ̀ bí ọrun, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó ní ìparí ọkọ̀ lè máa wo orí ọkọ̀ náà níwájú. Oṣù kẹrin ọdún 1901 ni a ṣí apá ti Mallaig yìí. Ẹ fi ọdún náà sọ́kàn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1901 kan náà, oṣù kan péré ṣáájú ti Mallaig, ni Gómìnà MacGregor ṣí ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn tí ń rò pé irú nǹkan wọ̀nyí ti gbó tán ní ìlú òyìnbó kí a tó fojú kàn án, kí wọ́n tún rò ó wò. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì kan Odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Ní 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sì sọ̀ ní Kánò, ìrìn tí ó tó 700 máìlì. Àárín irin méjèèjì kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ; nítorí náà ọ̀nà náà lè lọ́, kí ó yí òkè ká, níbi tí irin fífẹ̀ ìbá fi ní kí a wó òkè náà lulẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì ronú sí i yóò ní awakọ̀ ni ó ń rí ohun gbogbo. Ní ayé ọkọ̀ eléèéfín, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àgbá omi gbígbóná, tí ó gùn bí ilé, ni ó wà níwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni awakọ̀ dúró sí, ní ẹ̀gbẹ́ kan, fèrèsé kékeré ni ó sì ń gbà wòran. Bí ọ̀nà bá tẹ̀ sí apá tirẹ̀, ó rí i. Bí ó bá tẹ̀ sí apá kejì, kìkì irin dúdú ni ó wà lójú rẹ̀. Adáná tí ó wà ní apá kejì ni yóò wo ọ̀nà fún un, tí yóò sì ké sí i bóyá apá àmì wà lókè tàbí ó wà nílẹ̀. Ènìyàn méjì ni ó ń pa ojú pọ̀ kí ọkọ̀ kan tó lè rìn. Bẹ́ẹ̀ ni adáná náà kò sì lè máa wòran lásán, nítorí ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu iná ń ké sí i. Èédú tí a bẹ̀rẹ̀ sí wà ní Údì ní ọdún 1915 ni ó ń bọ́ ọ. Ooru ń jó wọn níwájú, atẹ́gùn ọ̀yẹ́ ń nà wọ́n lẹ́yìn.

Ní òru, ìmọ́lẹ̀ iwájú kò jìnnà. Etí ni awakọ̀ fi ń mọ ọ̀nà nígbà náà: ìró irin a yí padà nígbà tí ọkọ̀ bá gun afárá, ẹ́ńjìnì a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mímí náà a sì fúyẹ́ bí ó bá ń sọ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi ọ̀nà lé awakọ̀ tuntun lọ́wọ́ títí yóò fi kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ ọ̀nà náà ní àmọ̀dunjú kí wọ́n tó jẹ́ kí ó dá gba ibẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ elépo dé ni awakọ̀ wá jókòó síwájú pátápátá, tí dígí fífẹ̀ sì ṣí gbogbo ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Àní, ní àwọn ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1955 síwájú, dígí ni wọ́n fi dí ẹ̀yìn awakọ̀, tí èrò àti ọmọdé fi lè máa wo ohun tí òun ń wò.

Ní ti ilẹ̀ tiwa, ẹ bá wa ká lọ. Bí a bá kúrò ní Èkó, tí a kọjá Agége tí a mọ̀ mọ́ obì, tí a kọjá Ifọ̀ àti Ewékorò níbi tí a ti ń wa òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960, a ó kan Abẹ́òkúta láàárín àwọn àpáta rẹ̀. Ní Láfẹ́nwá ni ọkọ̀ gbé ń gun afárá Odò Ògùn. Níbẹ̀ ni kí ọmọ Òkè-Ògùn ti ṣí fìlà. Omi yìí, lágbègbè Ṣakí ni ó ti sun. Ó gba Ìkéré lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, níbi tí a dí i ní ìsédò, ó sì ń lọ sínú ọ̀sà Èkó. Odò tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilẹ̀ wa rí ọ̀nà dé Èkó láìsan owó ọkọ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ ni a kò rí irin wọ̀ nílé.

Láti Ìbàdàn lọ sí Ìwó, sí Ẹdẹ, sí Òṣogbo, oko kòkó àti igbó ni ó há ọ̀nà mọ́ awakọ̀ lójú, ewé a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa na ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìkìrun a fi òkè rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjá Ọ̀fà, igbó a bẹ̀rẹ̀ sí ṣí, ojú ọ̀run a fẹ̀, ilẹ̀ a tẹ́jú lọ salalu: igi igbá, igi èmi, òkìtì ọ̀gán pupa bí ẹ̀jẹ̀ láàárín koríko. Ẹni tí a bá gbé ti Ṣakí wá, tí a dì lójú, tí a wá tú lójú níbẹ̀, yóò béèrè ọ̀nà ilé. Ní tiwa, apá yìí ni ó dára jù nínú gbogbo ìrìn náà, bí àwọn ará Ìbàdàn tilẹ̀ ń sọ pé kò sí ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Awakọ̀ rí irin níwájú bí okùn méjì tí a nà títí wọ́n fi di ẹyọ kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná a máa jó pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nígbà mìíràn nípa ẹ̀ta iná ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Èéfín a bo irin, awakọ̀ a sì fún fèrè kí ó tó wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Jẹ́bà. Ilẹ̀ sọ̀ sísàlẹ̀, Odò Ọya sì yọ, tí erékùṣù pín in sí méjì, tí òkè àpáta sì nà ró lẹ́bàá rẹ̀. Kí afárá tó parí ní ọdún 1916, ọkọ̀ omi ni ó ń gbé èrò àti ẹrù kọjá. Òpó ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, àwọn tí wọ́n wá odò náà kiri, wà ní ìlú náà.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹwà nìkan ni awakọ̀ ń rí. Irin lórí irin ni ọkọ̀ yìí ń sáré. Bí a bá tẹ bíréèkì, yóò ṣì yọ̀ lọ jìnnà kí ó tó dúró. Nítorí náà, ohun tí ojú awakọ̀ rí, ọwọ́ rẹ̀ kì í sábàá tó o. Màlúù lójú irin, ọmọdé tí ń mú irin ṣe ọ̀nà ilé ìwé, obìnrin tí ó gbé ẹrù tí kò gbọ́ fèrè: awakọ̀ ti rí i, kò sì sí ohun tí ó lè ṣe ju kí ó fún fèrè kí ó sì máa gbàdúrà. Ọdún púpọ̀ ni àwọn ìyá ọlọ́jà fi pàtẹ lórí irin ní Ọ̀ṣòdì àti àwọn ibòmíràn ní Èkó, tí wọn a kó ọjà kúrò nígbà tí ọkọ̀ bá fọhùn, tí wọn a sì tún tẹ́ ẹ nígbà tí ó bá kọjá. Àwọn tí ń wòran rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín. A kò rò pé ẹni tí ó di bíréèkì mú rẹ́rìn-ín rí.

Ọkọ̀ kan sì tún lè pàdé òmíràn, nítorí irin kan ṣoṣo ni èyí tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń lò ní ọ̀nà àtijọ́. Ohun tí a fi ṣọ́ èyí rọrùn: ọ̀gá ibùdókọ̀ a fi àmì kan tí a fi irin ṣe lé awakọ̀ lọ́wọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ sì ń yọ̀ǹda ní ìgbà kan. Ẹni tí kò bá rí i gbà kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n kò sí àmì tí ó ń sọ ohun tí ó wà lábẹ́ irin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, òjò ńlá gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ojú irin nítòsí Lálúpọn, lẹ́yìn Ìbàdàn. Irin wà lókè bí ti àná, ọkọ̀ èrò sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó kú níbẹ̀. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ìtàn náà ni a ti mọ ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fẹsẹ̀ rìn yẹ irin wò fi yẹ ní ọlá kan náà pẹ̀lú awakọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń ya àwòrán wọn.

Ní ti Òkè-Ògùn wàyí, ẹ mú àwòrán ilẹ̀ kí ẹ wò ó. Ní apá ìlà oòrùn, irin gba Ìwó, Òṣogbo àti Ìlọrin. Ó fi Ọ̀yọ́ Aláàfin sílẹ̀, ó sì fi wá sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní apá ìwọ̀ oòrùn, àwọn Faransé la irin tiwọn láti Kútọ̀nu, ó gba ẹsẹ̀ àwọn òkè Ṣábẹ̀ láàárín àwọn ará wa, ó sì ti dé Paraku kí ọdún 1940 tó pé. Àárín méjèèjì ni Ṣakí, Ìgbóho, Kíṣì àti Ìsẹ́yìn wà, bí ẹni tí ó jókòó láàárín ọ̀nà méjì tí kò rí èyí tí ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òṣogbo di ìlú ńlá fún òwò. Àwọn ilé ìtajà òyìnbó tẹ̀lé irin dé ibẹ̀. Iṣu wa àti aṣọ òkè wa, orí ni ó kọ́kọ́ rù wọ́n, lẹ́yìn náà ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sí ilé kan tí kò mọ ohun tí ọ̀nà búburú ń fi iṣu ṣe.

Nǹkan kan ti yí padà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà irin tuntun, Èkó sí Ìbàdàn, tí a sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Irin méjì ni, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, ó sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 157 kìlómítà, nígbà tí ti àtijọ́ tó 193, nítorí ó là òkè tí ti àtijọ́ yí ká. Ó yá, bí kò tilẹ̀ dùn ún wò tó ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó parí sí ni kí ẹ wò: Mọ́níyà ni, ibùdókọ̀ tí a fi sọ orí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mọ́níyà yìí sì wà lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn gan-an! Ọ̀nà ọkọ̀ tí a tún ṣe láti ibẹ̀ dé Ìsẹ́yìn kò ju 65 kìlómítà lọ. Láti ọdún 1901 wá, irin kò tíì súnmọ́ wa tó báyìí rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ìsẹ́yìn, bí ẹ bá fẹ́ rí Odò Ògùn láti orí irin, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Mọ́níyà ní kùtùkùtù, kí ẹ sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé. A kì í gba èrò láàyè lọ́dọ̀ awakọ̀, ẹ má sì ṣe bẹ̀ ẹ́. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ń ka ìwé yìí bá ti dáná lórí ẹ́ńjìnì rí, tàbí tí ó yẹ irin wò láàárín Ọ̀fà àti Jẹ́bà, kí ó bá wa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí wa kí òṣù yìí tó tán. Ààyè wà fún un ní ojú ewé yìí.