Ọ́ìlì mọ́tò tí àwọn ọlọ́kọ̀ Ìjẹ̀bú fẹ́ máa fi lò pẹ́: èrè ni àbí òfò?

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni ìnáwó orí ọkọ̀ kò ti dúró sójú kan mọ́. Lítà epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 500 náírà láàárín oṣù méjì. Nínú oṣù Kẹfà ọdún náà ni iye náírà tún já wálẹ̀ sí dọ́là, ló bá di pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀yà ara mọ́tò náà gbówó lórí.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Bìní gbà kọjá, tí bọ́ọ̀sì sì ń gbéra lọ sí Èkó, Ìbàdàn àti Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́, kò sí ibi púpọ̀ tí ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú títì ti lè dín ìnáwó kù. Kò lè ní kí mọ́tò má mu epo, bẹ́ẹ̀ ni owó tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ọ́ìlì ló kù tí ojú ń lọ sí: èyí tí wọ́n ń pààrọ̀ lóṣooṣù, ṣé kò lè di oṣù méjì-méjì?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, yóò rin 1,200 kìlómítà lọ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ 5,000 kìlómítà ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ìgbà méjìlá ni lọ́dún. Bí wọ́n bá sún un dé 10,000, ó di ìgbà mẹ́fà. Ẹni tó bá fi èyí ṣírò ọkọ̀ mẹ́rin yóò rí i pé owó gidi ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní 3,000 máìlì, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kalifóníà tó bẹ̀rẹ̀ sí í la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀ pé ọkọ̀ ìgbàlódé kò nílò bẹ́ẹ̀, kí kálukú lọ ka ìwé tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà ṣí. Ó sọ pé ọkọ̀ tó bá ń ru ẹrù wúwo, tó ń rìn nínú eruku tàbí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí wọ́n tètè máa pààrọ̀ tirẹ̀. Ojú ìwé yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú wà.

Epo wa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Imí ọjọ́ inú epo máa ń di ásíìdì nínú ẹ́ńjìnnì, ásíìdì yìí ló sì ń jẹ agbára ọ́ìlì tán. Ọdún 2020 ni àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò láti dín imí ọjọ́ inú epo kù. Ní ti ọ́ìlì fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní síńtẹ́tíìkì lè pẹ́ ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ayédèrú sì wà lọ́jà. Ẹni tó bá ra ayédèrú, tó tún sún un dé 10,000, ẹ́ńjìnnì ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ibi tí wàhálà wà jù ni pé dẹ́rẹ́bà tó ń san owó ojoojúmọ́ fún ọlọ́kọ̀ kọ́ ló ni ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, tí kò sì bu kún un, ọjọ́ ti lọ, owó ti wọlé. Tókúnbọ̀ tó ti dàgbà sì máa ń jẹ ọ́ìlì. Ó lè fi lítà márùn-ún gbéra, kó ku mẹ́ta kí oṣù kejì tó pé. Bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, ọkọ̀ á dúró, owó ojoojúmọ́ á dúró, oúnjẹ ilé dẹ́rẹ́bà náà á sì dúró.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gbé ọ́ìlì díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó fi kún iye kìlómítà. Ọlọ́kọ̀ mẹ́rin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní kó má ra ìwé kékeré kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ iye tí ago kà lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti iye tí wọ́n bù kún un láàárín. Ọkọ̀ tí kò jẹ ọ́ìlì ni kó fi gbìyànjú 6,000, kí ó tó ronú 7,000. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí kì í kúrò nínú ìlú kò sí nínú ìṣirò yìí rárá: kìlómítà rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná dáadáa kí wọ́n tó pa á máa ń kó omi sínú ọ́ìlì, oṣù ni wọ́n ń kà fún un.