Ẹ Má Ju Irin Tí Ọmọ Iṣẹ́ Bà Jẹ́ Nù

Ọmọ iṣẹ́ tó bá gé irin kọjá ìwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù léèdì, ojú ọ̀gá ló máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ọ̀gá kò bá rí i, á fi ẹsẹ̀ ti irin náà sábẹ́ ẹ̀rọ, sáàárín irin wẹ́wẹ́ àti ọ́ìlì dúdú, á sì mú òmíràn. Bí ọ̀gá bá rí i, èébú ni, tàbí kí wọ́n yọ owó irin náà nínú owó oúnjẹ rẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ohun tó fà á tí irin náà fi bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àtàn-Ọ̀tà ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Lójú ọ̀nà Ìdírókò, láti Sàngó dé Ìyànà-Ìyẹsí, dé Àtàn, títí tí ènìyàn yóò fi yà sí ọ̀nà Lùsàdà lọ sí Àgbárá, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló tò lọ bẹẹrẹ. Òkè òkun ni wọ́n ti ra ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Bí ṣáfùtì kan bá gé lóru, tàbí tí búṣì kan bá jẹ, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà lè wà ní Ṣáínà tàbí Jámánì. Ṣọ́ọ̀bù léèdì ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n máa ń gbé e sáré wá. Àwọn tọ́nà ibẹ̀ mọṣẹ́, ìlú sì jẹ wọ́n lọ́pẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ oníbàárà yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Oníbàárà dúró sẹ́nu ọ̀nà, irin wọ́n, owó ti wọlé. Ibo ni àyè wà kí ọmọ ṣe é kó bàjẹ́, kó tún un ṣe? Bó ṣe ń pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ẹ̀rọ nìyẹn. Ilẹ̀ ni yóò máa gbá, ọ́ìlì ni yóò máa ta, irin ni yóò máa bá wọn dì mú.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ju agbára wọn lọ. Kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lágbègbè yìí, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ onísítíìmù kékeré kan tó lè jókòó sórí tábìlì, láti orí sílíńdà dé orí bọ́ọ̀tì tó kéré jù. Kí wọ́n gbà á láyè láti ba irin jẹ́ nídìí rẹ̀. Èyí tó bá bàjẹ́, kí wọ́n tò ó sórí pẹpẹ, kí ìdí tó fi bàjẹ́ wà lára rẹ̀ ní kíkọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni wọ́n fẹ́ fi sítíìmù ṣe láyé ìsinsìnyí? Sítíìmù kì í ṣe àjèjì lágbègbè yìí. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ní 1896, gba Ìjòkó-Ọ̀tà kọjá, èéfín omi gbígbóná ló sì ń ti ọkọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ tọ́nà àti fítà ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìtàn ni ẹ̀rọ yìí fi dára fún ọmọ iṣẹ́. Ó dára nítorí pé kò ṣeé rẹ́ jẹ. Búṣì kan ṣoṣo lè wọ́ díẹ̀ kí oníbàárà ṣì gbà á. Nínú ẹ̀rọ onísítíìmù, sílíńdà, pístìn, kíráńkì, fáàfù àti àgbá tó ń yí gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí pístìn bá há jù, ẹ̀rọ kò ní yí. Bó bá dẹ̀ jù, sítíìmù á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ. Bí ihò sílíńdà bá fẹ̀ tó 20 mìlímítà, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín òun àti pístìn kò ju nǹkan bí ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan lọ. Irun orí ènìyàn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí á wo sílíńdà yẹn dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ gbẹ́ inú rẹ̀ tán, ó wọ̀n ọ́n, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Àbùkù kan ni, ṣùgbọ́n ó lè ní ìdí mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé irin tó fi ń gbẹ́ ẹ tín-ín-rín, ó gùn, ó sì ń tẹ̀ bí ó ṣe ń jẹ irin lọ. Kó tún un gbà kọjá láì yí ọwọ́ ẹ̀rọ síwájú rárá: bó bá ṣì ń rí irin gé, irin ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnu irin ìgbẹ́ náà ti kú kó tó dé ìsàlẹ̀. Kó pọ́n ọn, kó gbìyànjú lára irin mìíràn: bó bá tọ́, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bí ẹnu rẹ̀ bá mú, tí ó ń gé díẹ̀díẹ̀, tí ihò náà kò sì yé wọ́, a jẹ́ pé ẹ̀rọ léèdì fúnra rẹ̀ ni kò dúró déédéé, iṣẹ́ oníbàárà tó sì ti ara rẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀ lè ti wọ́. Ẹ wò ó bí irin kan tó bàjẹ́ ṣe lè tú àṣírí odindi ṣọ́ọ̀bù! Ọmọ tó ti í sábẹ́ ẹ̀rọ kò ní mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀gá tó bú u kò sì ní mọ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn yẹn gan-an ni wọn kì í fún ọmọ iṣẹ́ láyè láti ṣe.

Ooru tún ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Alumíníọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu irin máa ń gbóná. Bó bá fi 40 digirí gbóná ju afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ihò 20 mìlímítà á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ọmọ á fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n, á pé géérégé. Bó bá tutù tán, ihò á sún kì, pístìn á kọ̀ kò wọlé. Kò sí ìwé tí yóò jẹ́ kí èyí wọ̀ ọ́ lára bí ọjọ́ tó bá a lọ́wọ́ ara rẹ̀. Iná ìjọba náà ńkọ́? Bí wọ́n bá mú un lọ nígbà tí irin ìgé wà nínú irin, ẹnu rẹ̀ lè kán síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì dá a padà láìròtẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì pa súìṣì, ẹ̀rọ á gbéra fúnra rẹ̀, ìka ènìyàn sì lè wà nítòsí. Pé kí á yọ irin ìgé sẹ́yìn, kí á pa súìṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná bá lọ, ẹ̀kọ́ ni kí ọmọ kọ́ lára irin ìdánrawò.

Ẹ̀rọ onísítíìmù fúnra rẹ̀, irú àṣìṣe báyìí ló sọ ọ́ di ńlá. James Watt kò ṣẹ̀dá rẹ̀ láti inú òfìfo. Láàárín 1763 sí 1764, wọ́n gbé ẹ̀rọ Newcomen kékeré kan, irú ẹ̀rọ onísítíìmù tó wà ṣáájú tirẹ̀, tó jẹ́ ti Yunifásítì Glasgow fún kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wá fún un kó tún un ṣe. Ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú. Watt kò kàn tún un ṣe kó gbowó. Ó wádìí ìdí tó fi ń kú, ó sì rí i pé sílíńdà tó ń gbóná tó sì ń tutù ní gbogbo ìgbà ló ń jẹ sítíìmù náà tán. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ tó gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1769 ti wá. Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ irin kò tíì ká a. Sílíńdà tí wọ́n ṣe fún un kò rí roboto. Àkísà tí wọ́n rẹ sínú òróró àti fìlà àtijọ́ pàápàá ni wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ pístìn, sítíìmù ṣì ń jò.

John Wilkinson, tó ń gbẹ́ ojú ìbọn àgbá, ló yanjú rẹ̀. Ọ̀pá ìgbẹ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, apá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń dì í mú, torí náà ó ń tẹ̀. Wilkinson jẹ́ kí ọ̀pá náà la inú sílíńdà já, ó sì dì í mú níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Nígbà tó fi máa di 1776, ó ti gbẹ́ sílíńdà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 50 ínṣì, Boulton tó jẹ́ ẹnìkejì Watt nínú òwò sì jẹ́rìí pé ibi tó ti yẹ̀ jù lọ kò ju ìnípọn owó ṣílè kan lọ. Ọ̀pá tó ń tẹ̀ yẹn kan náà ni ọmọ iṣẹ́ ń bá jà ní Àtàn lónìí.

Nípa owó, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá tọ̀nà. Irin ti gbówó lórí, ọmọ mẹ́rin tó ń ba irin jẹ́ lè pa ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré báyìí kò gba irin tuntun. Pístìn ọkọ̀ tó ti kú ṣeé yọ́ rọ sílíńdà lọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ ìkòkò alumíníọ̀mù. Idẹ wà lára ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́. Gígékù ṣáfùtì tí àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọ̀nà Ìdírókò ń tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò tó gbogbo ọmọ iṣẹ́ Àtàn fún ọdún kan bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo irin tó bàjẹ́ ló kú. Mẹkáníìkì èyíkéyìí mọ rìbọ́ọ̀: bí sílíńdà bá jẹ, wọ́n á gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i, wọ́n á sì fi pístìn tó fi 0.25 tàbí 0.50 mìlímítà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i. Ọmọ iṣẹ́ tó gbẹ́ sílíńdà kọjá ìwọ̀n lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó ṣe pístìn tuntun tí yóò bá a mu.

Ibì kan wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ fàyè gba àṣìṣe rárá, ibẹ̀ ni ìkòkò tó ń se omi di sítíìmù. Omi tó bá di èéfín a máa gba àyè tó ju 1,600 ìlọ́po ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìkòkò náà bá fọ́, ó ń pa ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi sílíńdà gáàsì àtijọ́ dán an wò. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọ́kanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n rọra ṣí díẹ̀, tó láti yí ẹ̀rọ kékeré náà, ohun tí ọmọ yóò kọ́ nínú rẹ̀ kò sì ní dín.

Ètò tí wọ́n lè gbé èyí lé ti wà nílẹ̀. Àjọ ITF, tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ti wà láti 1971, ètò SIWES tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Yunifásítì Covenant àti Bells wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ SIWES ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, kí wọ́n fi ojú ewé kan kún un fún ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe àbójútó rẹ̀ sì fún un ní máàkì lórí ìdí náà. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ àwọn tọ́nà sọ ọ́ di òfin kó tó di ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù: kí ọmọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ yí i lójú gbogbo ènìyàn, kó sì kó àwọn tó bàjẹ́ dání. Kí àgbà kan mú ọ̀kan níbẹ̀, kó bi í ní ohun tó fà á. Bó bá dáhùn, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, kó padà sídìí léèdì, kí ọ̀gá fún un ní irin mìíràn.