Enewetak: ta ló yẹ kó sọ pé ilẹ̀ ti mọ́?

Bí ìjọba bá fẹ́ palẹ̀ oró núkílíà mọ́ ní erékùṣù, kì í ṣe iye kọnkéré tí wọ́n máa dà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò. Ohun tí àwọn onílẹ̀ ń jẹ ni.

Àdó olóró núkílíà 43 ni Amẹ́ríkà dán wò ní Enewetak, lára àwọn erékùṣù Marshall, láàárín ọdún 1948 sí 1958. Wọ́n ti kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Ujelang lọ́dún 1947. Lọ́dún 1977 ni àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í ha iyẹ̀pẹ̀ tó lóró, wọ́n kó o sínú kòtò tí àdó kan gbẹ́ sí Runit, wọ́n sì fi kọnkéré dé e. Ìsàlẹ̀ kòtò ńkọ́? Wọn ò tẹ́ nǹkan kan sí i. Omi òkun ń wọlé, ó ń jáde lábẹ́ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ plutonium-239 máa lo nǹkan bí 24,000 ọdún kó tó dín sí ìdajì.

Ìjọba Amẹ́ríkà ní plutonium tó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà náà ju èyí tó wà lábẹ́ ìdérí lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwíjàre wo nìyẹn? Ó kàn fi hàn pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n kó.

Ti Bikini tún burú. Wọ́n ní ilẹ̀ ti dára, àwọn kan padà sílé, wọ́n ń jẹ àgbọn. Igi àgbọn ń fa caesium-137 láti inú ilẹ̀ bí ẹni pé potassium ni. Lọ́dún 1978, wọ́n tún kó wọn kúrò. Ìgbà tó yá ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé ajílẹ̀ potassium ń dín caesium inú àgbọn kù gan-an. Ìwádìí yẹn ló yẹ kó ṣáájú ilé kíkọ́.

Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Nígbà tí àwọn ará Enewetak padà lọ́dún 1980, àwọn ọmọ Enjebi kò lè dé ilẹ̀ baba wọn ní àríwá. Orí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíì ní gúúsù ni wọ́n ń gbé. Nínú ìwé ètò, wọ́n ti padà sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Áfíríkà. Lọ́dún 1961, Nàìjíríà lé aṣojú Faransé nítorí àdó tí wọ́n ń dán wò ní aṣálẹ̀ Algeria, níbi tí Faransé ti ri àwọn ohun èlò tó lóró mọ́ inú yanrìn. Ètò yòówù tí wọ́n bá ṣe fún Runit tàbí Reggane, àwọn onílẹ̀ ni kó yan ẹni tí yóò yẹ ilẹ̀ àti oúnjẹ wọn wò, kí owó rẹ̀ sì ti àpò ẹni tó ju àdó wá.