Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Ẹ yé sáré fọ́màtì kọ̀ǹpútà

Ó ti di àṣà báyìí. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà inú ilé, tí àmì iléeṣẹ́ tó ṣe é yọ lójú rẹ̀, tó sì dúró gbagidi síbẹ̀, tí kò lọ síwájú, tí kò padà sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ẹ̀ńjíníà ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Kò ní í pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀ńjíníà yóò fi dá ẹjọ́: "Mà, Windows yín ló ti bàjẹ́ o. Àfi ká fọ́màtì ẹ̀." Ìyá náà á ní: "Ẹ̀ńjíníà, ṣáà bá mi ṣe é, àbúrò ẹ fẹ́ lò ó lálẹ́ yìí ni."

Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà ti ń tàn bíi tuntun, inú kálukú sì ti dùn. Ìgbà tí ọmọ bá wá iṣẹ́ àṣekágbá tó fẹ́ gbé fún olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì tì, tí bàbá wá àwòrán ayẹyẹ àádọ́rin ọdún ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé tì, ni wọ́n tó mọ̀ pé àtúnṣe náà ti kó wọn lẹ́rù lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fọ́màtì túmọ̀ sí pé kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú hard disk rẹ́, kí wọ́n sì gbé Windows mìíràn sí i. Òun ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ìtọ́jú, àmọ́ òun ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé bó bá jẹ́ hard disk fúnra rẹ̀ ló ń kú lọ, tàbí RAM ni kò jókòó dáadáa, fọ́màtì kò lè wò ó sàn. Owó á lọ, ẹrù á lọ, àìsàn á sì wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ibi tí kọ̀ǹpútà bá dúró sí ló fi ń sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá dúró kí àmì Windows tó yọ rárá, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà má kan Windows. Ó lè jẹ́ fíláàṣì tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n gbàgbé sí i lára, ó lè jẹ́ RAM, ó sì lè jẹ́ hard disk. Bó bá dúró lẹ́yìn tí àmì Windows yọ, ó lè jẹ́ pé àwọn fáìlì kan ló bàjẹ́ nígbà tí NEPA mú iná lọ lójijì, tàbí kó jẹ́ pé software tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí i ni kò bá a mu.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wáyé kò gba owó rárá. Kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 kó lè kú pátápátá, kí wọ́n sì tún un tàn. Àmọ́ bó bá kọ ọ́ sójú pé òun ń ṣe update, sùúrù ni. Kí ẹnikẹ́ni má pa á. Bí Windows 10 tàbí Windows 11 bá kọsẹ̀ léraléra, òun fúnra rẹ̀ á gbé ojú ewé àtúnṣe jáde. Kí wọ́n mú Troubleshoot níbẹ̀, lẹ́yìn náà Advanced options, kí wọ́n wá mú Startup Settings. Ibẹ̀ ni Safe Mode wà, èyí tó ń fi ìwọ̀nba ohun tí Windows nílò nìkan tan kọ̀ǹpútà. Bó bá tàn síbẹ̀ láìdúró, kí wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù wọn sórí fíláàṣì, kí wọ́n tó yọ software tí wọ́n gbé sí i kẹ́yìn. Bí hard disk bá sì ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, kí wọ́n pa á, kí wọ́n má tún un tàn mọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù jáde nínú irú rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àròsọ ni èyí, kó rántí ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024. CrowdStrike, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, fi update tó ní àṣìṣe ránṣẹ́. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, iṣẹ́ sì dúró láwọn ilé ìwòsàn kan. Síbẹ̀, oògùn tí wọ́n là sílẹ̀ kì í ṣe fọ́màtì. Safe Mode ni wọ́n ní kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n pa fáìlì kan tó ń dá wàhálà sílẹ̀ rẹ́.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀bi wà lọ́rùn àwọn ẹ̀ńjíníà. Láti Computer Village n'Íkẹjà dé ìsọ̀ kéékèèké àdúgbò, ọ̀pọ̀ wọn ló mọṣẹ́ dunjú. Àmọ́ wíwá ìdí àrùn ń gba àkókò, oníbàárà kì í sì í fẹ́ sanwó àkókò. Ojúṣe oníbàárà ni láti béèrè pé: "Ṣé ẹ ti kó ẹrù inú ẹ̀ jáde?" Ojúṣe ẹ̀ńjíníà sì ni pé kó má pa ohunkóhun rẹ́ láìgba àṣẹ lẹ́nu oní-nǹkan.

Lékè gbogbo rẹ̀, kò yẹ kí ẹrù iyebíye wà níbì kan ṣoṣo, pàápàá nílẹ̀ Nàìjíríà tí iná ti ń lọ, tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ṣeé rà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin àti àwòrán ìyá tó ti lọ kò sí lọ́jà.