Ta Ló Sọ Fún Yín Pé Wọ́n Ṣẹ́gun IT?

Etí mi ti kún. Ẹ ò lè dárúkọ A Wrinkle in Time, ìwé ọmọdé tí Madeleine L'Engle gbé jáde ní 1962, kí ọ̀mọ̀ràn kan má sọ pé ìparí rẹ̀ ló bà á jẹ́: ọmọbìnrin kan pariwo ìfẹ́, ibi sì pòórá.

Ibi wo ló pòórá? Nígbà tí Meg, ọmọbìnrin náà, kúrò lórí pílánẹ́ẹ̀tì Camazotz, IT, ọpọlọ ńlá tó ń bá gbogbo ará ibẹ̀ ronú, ṣì jókòó síbi tó wà. A ò gbọ́ pé wọ́n dá ẹyọ kan sílẹ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níwájú àwọn ilé tó jọra. Charles Wallace àbúrò rẹ̀ nìkan ni Meg rí gbà. Kí ló sì ná an? Nígbà tó kọ́kọ́ dojú kọ IT, orúkọ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì inú kẹ́mísírì ló ń kà bí ẹni ń pe ọfọ̀. Kò ràn án. Bàbá rẹ̀, onímọ̀ físíìsì, ló sáré gbé e jáde, ó sì fi ọmọkùnrin rẹ̀ sẹ́yìn. Meg nìkan ló padà lọ. Ó kó ìbínú lọ, ó kó ìkórìíra lọ; ìyẹn sì ni IT ní jù láyé.

Ibí yìí ni oorun ti máa ń gbé yín lọ. L'Engle jẹ́ kí Meg rò ó pé bí òun bá lè fẹ́ràn IT fúnra rẹ̀, bóyá yóò rọ, yóò kú. Kò lè ṣe é! Agbára rẹ̀ ò ká a, ó sì yíjú sí àbúrò tó lè fẹ́ràn. Ìparí tí ẹ ń bú yìí, òǹkọ̀wé ti gbé e wò, ó ti jù ú nù. Àgbà òṣìkà ní í gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá; tiyín burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé àjẹ́ ni, ìràwọ̀ ni Mrs Whatsit, ọ̀kan nínú àwọn tó ran Meg lọ́wọ́, tẹ́lẹ̀. Ìjà tó bá òkùnkùn jà ló fi ipò náà lélẹ̀ fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Rọ́ṣíà nìkan ni Camazotz ń bá wí, ṣé kò sí ilé tó jọra ní Amẹ́ríkà ni?

Ìparí náà kánjú díẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwé ọmọ tó rí i pé bàbá òun ò lè tún gbogbo nǹkan ṣe ni, ó sì hàn sí ẹni tó bá lajú kà á. Ilé ìtẹ̀wé tó lé ní ogún ló kọ̀ ọ́ kó tó rí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ní 1963 ó gba ẹ̀bùn Newbery. Ẹ tún orí 12 kà kí ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀.