Ìdánilójú Kì í Ṣe Ohun Àyálò

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ni ní Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò sí ọdún kan nínú wọn tí n kò ka àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi irú gbólóhùn yìí kádìí rẹ̀: ‘Mo ti dé ìparí tí ó le pé iṣẹ́ àgbẹ̀ dára ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ.’ Bí a bá bi í pé kí ni ‘ìparí tí ó le’, yóò ní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘firm conclusion’ ni. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́. Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ ni ó ń sọ fún ọmọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó mọ bí a ti í díwọ̀n ìdánilójú, pé Yorùbá kò ní ju ‘bẹ́ẹ̀ ni’ àti ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ lọ. Irọ́ gbáà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. J. R. Firth, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó di olóògbé ní 1960, tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ a máa ní alábàárìn, àti pé alábàárìn náà wà lára ohun tí ó ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ‘conclusion’ ti rí nìyẹn. Ẹni tí ó fara balẹ̀ wo ẹ̀rí a máa ‘draw’ rẹ̀ tàbí kí ó ‘reach’ rẹ̀. Ẹni tí ó kánjú ni wọ́n ń bá wí pé ó ‘jump to’ rẹ̀. Bí ẹ̀rí kò bá tíì pé, ‘tentative’ ni yóò ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ̀rí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ‘firm’. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà túmọ̀ ẹ̀rí, ‘inescapable’. Ṣùgbọ́n àṣà èdè ni ó so wọ́n pọ̀. ‘Hard evidence’ ni wọ́n ń sọ, ‘firm conclusion’ sì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ‘líle’ ni ọmọ ilé-ìwé wa yóò fi túmọ̀ méjèèjì.

Àwa náà ní tiwa. Bí a kì í ti í sọ pé igi ga fòò tàbí pé aṣọ pupa fíofío, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ pé ó dáni lójú gbáà. Ó dáni lójú ṣáká. Ó hàn gbangba. Bí ẹ̀rí kò bá tíì pé, a ó ní ‘ó jọ pé’; bí ó bá lágbára sí i, ‘àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé’; bí kò bá kù síbì kan, ‘kò sí àní-àní pé’. Ní ti ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ní ó fò, kò fò lọ́dọ̀ tiwa: ẹjọ́ ẹnì kan ni ó gbọ́ tí ó fi dájọ́, àgbà òṣìkà sì ni àwọn baba wa pè é.

Ẹnìkan lè ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè òfin àti ti sáyẹ́ǹsì, nítorí náà tirẹ̀ ni ó dájú jù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ wo ibi tí ‘foregone conclusion’ ti wá. Inú Othello ni, eré Shakespeare tí a ṣe ní ààfin ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1604. Iago parọ́ fún Othello pé òun gbọ́ tí Cassio ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí Desdemona, ìyàwó Othello, lójú oorun. Othello fi ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ àlá di ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó pa ìyàwó rẹ̀. Aláìṣẹ̀ sì ni obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ náà dún bí òótọ́. Ẹ̀rí ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ alábàárìn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nígbà tí ó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, kí ẹ tó kọ gbólóhùn ìkádìí, ẹ ka ẹ̀rí yín. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, ‘ó jọ pé’ ti tó. Ẹ má ṣe kọ ‘kò sí àní-àní’ nígbà tí àní-àní ṣì kún inú àròkọ yín. Ẹni tí kò bá gbà fún mi, kí ó kọ èsì. Ṣùgbọ́n kí ó mú ẹ̀rí wá.